Ìwé ìrántí kíláàsì wa tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú

Ẹ̀yin SS3 tó ń wá ibi tí ẹ ó ti tẹ ìwé ìrántí yín l'Ékòó, ẹ gba Ṣómólú lọ, àdúgbò àwọn atẹ̀wé. Màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré níbẹ̀ ló bá wa ṣe tiwa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi.

Bébà rẹ̀ nípọn, òwú ni wọ́n sì fi rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò JSS1 wa ló wú mi lórí jù. Àwọ̀ wọn ti ṣá, òmíràn tiẹ̀ ti ya, síbẹ̀ màmá tún wọn ṣe títí a fi dá ojú ara wa mọ̀: èmi nínú síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó padà di alágogo wa. Nígbà tí a ṣí ojú ewé yẹn, gbogbo kíláàsì pariwo!

Ẹ tètè lọ o. Tí WAEC bá ti ń parí, iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Tiwa pẹ́, ọkàn wa ò balẹ̀ rárá. Ẹ sì ní kí wọ́n má lo bébà dídán fún ojú ewé tí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa buwọ́ lù, torí bírò kì í mú un.