Gettext àbí JSON: èwo ló yẹ fún ètò tó ń sọ èdè púpọ̀?

Nínú gettext, irinṣẹ́ ìtumọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó ìtumọ̀ sínú fáìlì .po, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ (msgid) la fi ń wá ìtumọ̀ (msgstr): msgid "Save file", msgstr "Fi fáìlì pamọ́". Bí ìtumọ̀ kò bá sí, Gẹ̀ẹ́sì ló máa jáde. Fáìlì JSON, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tó ń to nǹkan ní orúkọ àti iye rẹ̀, sábà máa ń lo kọ́kọ́rọ́ (orúkọ kúkúrú tó dúró fún gbólóhùn) bíi file.save. Bí o kò bá yan èdè tí ètò máa padà sí, file.save gan-an ni yóò hàn lójú bọ́tìnnì, ìyẹn sì burú jọjọ.

Àmọ́ gettext ní wàhálà tirẹ̀. Tún àmì ìdánudúró kan ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, msgmerge (irinṣẹ́ gettext tó ń mú gbólóhùn tuntun wọ inú .po) á lẹ "fuzzy" (àmì pé kò dájú) mọ́ ìtumọ̀ gbogbo èdè, msgfmt (èyí tó ń sọ .po di fáìlì tí ètò ń lò) á sì máa fò wọ́n títí ẹnìkan á fi yẹ̀ wọ́n wò. Ti JSON lòdì sí èyí: kọ́kọ́rọ́ kì í yí, nítorí náà ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè yí padà kí Yorùbá má mọ̀ rárá. Fuzzy ń bíni nínú, ṣùgbọ́n ó sàn ju irọ́ tó dákẹ́ lọ.

Ní ti iye (ẹyọ kan tàbí púpọ̀), ìsọ̀rí kan ṣoṣo, "other", ni CLDR, àkójọ òfin èdè ti Unicode, fún Yorùbá. Nínú .po, kọ nplurals=1; plural=0; kí o sì kún msgstr[0] nìkan. Nínú i18next, àkójọ kóòdù ìtumọ̀ fún JavaScript tó ń lo JSON, file_other tó. Bí o bá da file_one kọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ṣiṣẹ́ kankan.

Bí olùtumọ̀ kì í bá ṣe onímọ̀ ètò, gbé .po fún un pẹ̀lú Poedit, ètò tí a fi ń ṣàtúnṣe .po. Ojú ìwé tí wọ́n fi React (àkójọ kóòdù JavaScript) kọ? JSON rọrùn jù.