Sáńpépà tàbí dáyámọ́ńdì: èwo ni ká fi pọ́n síséèlì?

Ẹ̀yin káfíńtà Ẹ̀pẹ́ tó ń gbẹ́ ìrókò, ẹ mọ̀ ọ́n: òkúta líle lè fara pamọ́ sínú igi náà, síséèlì tí ẹ pọ́n láàárọ̀ á sì ti kú kó tó di ọ̀sán. Lórí ẹ̀rọ ìpọnrin oníná, sáńpépà roboto tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àwo gíláàsì kò wọ́n. Nọ́ńbà 120, tó rí ṣákiṣàki, wà fún ojú tó ti fọ́; nọ́ńbà 1000, tó kúnná, wà fún dídán. Àmọ́ kì í pẹ́ tán, etí síséèlì sì lè ya á lójijì. Àwo tí wọ́n fi ẹ̀rún dáyámọ́ńdì bò lójú wọ́n o, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jọ́. Témi ni pé kẹ́ ẹ fi dáyámọ́ńdì bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sáńpépà parí ẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ẹ máa ti irin bọ omi kó má bàa gbóná jù. Tí etí rẹ̀ bá ti di búlúù, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn.