Máàpù omi Èkó lára ògiri: bébà, kánfáàsì, àbí igi?

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà: èyí tí wọ́n tún tẹ̀ sórí bébà láti ara máàpù àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́, èyí tí ayàwòrán òde òní yà bí ti àtijọ́ sórí kánfáàsì, àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé lára pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n tò lé ara wọn kí jíjìn omi lè hàn. Ti bébà ni mo máa ní kí ẹ rà.

Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó wà lójú omi yẹn, jíjìn omi ni. Nínú máàpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà, ó sì lè jẹ́ fathom, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 6; ẹ wo àkọlé, ẹ óò rí èwo ni. Ní ẹnu ibi tí ọ̀sà ti já sókun, nọ́ńbà á ṣàdédé kéré. Yanrìn ló dí ibẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá máa dúró sójú òkun, tí ọkọ̀ kékeré á máa lọ kó ẹrù wọn wá, títí ìjọba amúnisìn fi to òkúta wọnú òkun láti dín yanrìn náà kù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ kéré débi pé nọ́ńbà wọ̀nyí ò ṣeé kà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Bákan náà, máàpù Èkó tí Lawson, awọnlẹ̀ ìjọba amúnisìn, yà ní 1885 dára púpọ̀, àmọ́ ti ìgboro ni, kì í ṣe ti atukọ̀.

Kánfáàsì fúyẹ́, kò ní gíláàsì tó lè fọ́, òun ló sì sábà máa ń dínwó jù. Ibẹ̀ náà ni irọ́ pọ̀ sí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, 1851 ni wọ́n kọ sí igun rẹ̀, wọ́n kùn ún láwọ̀ tíì, etí rẹ̀ dà bí ìwé tí iná rà. Ó ti pẹ́ lára ògiri kí àbúrò mi tó na ìka sí ìlà gígùn kan lójú ọ̀sà: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Third Mainland kọ́ nìyí?” Ọdún 1990 ni wọ́n parí afárá yẹn! Ó dùn mí gan-an. Nítorí náà, ẹ wo afárá kí ẹ tó sanwó. Carter Bridge àkọ́kọ́, 1901 ni. Tí máàpù bá ní òun ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, kò gbọdọ̀ sí afárá láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ìddó. Ayàwòrán tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ òde òní ni, èmi ò bá a jà.

Ti igi rẹwà, pàápàá tí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sà Èkó kò jìn, ojú òkun nìkan ni ìpele pákó ti máa ń hàn dáadáa. Ẹ bi wọ́n léèrè irú pákó tó jẹ́ àti bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán sí i. Ògiri tó ń fa omi kò gbà á.

Bébà náà ní wàhálà tirẹ̀: ọ̀rinrin máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Ẹ ní kí oníférémù fi páálí tí wọ́n gé àárín rẹ̀ jáde sáàárín àwọn méjèèjì, kí ẹ sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn kò ti ní máa pa á.