Báàjì ogun Jámánì: ojúlówó àti ayédèrú, ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Báàjì méjì ló wà níwájú mi báyìí. Oríṣi kan náà ni wọ́n: Infanterie-Sturmabzeichen, èyí tí Jámánì dá sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1939 fún àwọn ológun ẹlẹ́sẹ̀ tó bá kópa nínú ìkọlù. Ọ̀kan ń dán gbinrin. Ìkejì ti ṣá, ó rí bí eérú. Èyí tó ń dán ni mo kọ́kọ́ rà, £120, ní ọjà ìta gbangba kan ní London. Ayédèrú ni.

Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé idì, ìbọn àti ewé igi oak tó wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá a kiri ti mọ ìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí ibẹ̀ ni owó mi bá lọ.

Ẹ̀rọ ló fi òǹtẹ̀ irin líle tẹ ọ̀pọ̀ ojúlówó. Agbára ìtẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ìyẹ́ idì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí etí báàjì sì mú. Ayédèrú kì í sábà rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lò. Ojúlówó kan ni wọ́n á mú, wọ́n á fi ṣe mọ́ọ̀dù, wọ́n á wá da irin yíyọ́ sínú rẹ̀. Irin tí a dà a máa súnkì bó bá ti ń tutù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà fi ń fi díẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n wò ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó há sínú irin náà á dá ihò wínníwínní sí i lára. Wọ́n á ha ti ojú dànù, wọ́n á kun ún. Ti ẹ̀yìn, wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ta ló ń wò ó? Ọkùnrin tó tà á fún mi ti fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ mọ́ aṣọ àrán dúdú. Ojú ni mo wò, mo sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo yí i padà ni mo rí i pé ẹ̀yìn rí ṣákaṣàka bí èèpo ọsàn, òjé tí wọ́n fi jó ìkọ́ mọ́ ọn sì ṣì ń kọ mànà. Báàjì ọdún 1942, òjé ọ̀sẹ̀ tó kọjá!

Ẹ má kàn sọ pé gbogbo èyí tí wọ́n bá dà ni ayédèrú o. Àwọn ilé iṣẹ́ kan da síńkì nígbà ogun gan-an. Ẹ̀yìn ojúlówó tó wá láti ilé iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ gbé tiyín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní ti dídán: bí ogun ṣe ń le, irin tó dára di ọ̀wọ́n, wọ́n bọ́ sórí síńkì. Síńkì kì í jẹ́ kí àwọ̀ fàdákà pẹ́ lára rẹ̀. Èyí tó ti ṣá yẹn ló tọ̀nà.

Òòfà wúlò fún Àgbélébùú Irin, àmì ẹ̀yẹ ogun Jámánì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Iron Cross: àárín rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irin dúdú tí férémù méjì gbá mú. Kò wúlò fún báàjì síńkì.

Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ńkọ́? Nọ́ńbà 4 ni ti ilé iṣẹ́ Steinhauer & Lück ní Lüdenscheid, ní Jámánì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà mọ̀ ọ́n kà.

Ìtàn ọlọ́jà ńkọ́? Ẹnì kan sọ fún mi pé Bọ́mà ni bàbá bàbá òun ti gba tòun lọ́wọ́ ọmọ ogun Jámánì. Àwọn bàbá wa jà ní Bọ́mà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Japan ni wọ́n bá jà.

Èwo ni kí ẹ wá rà? Kálukú ló mọ bí àpò òun ṣe jìn. Ẹni tó ń ṣe eré orí ìtàgé, ayédèrú tí wọ́n tà á gẹ́gẹ́ bí ayédèrú ti tó o. Òfin ọdún 1957 ní Jámánì fàyè gba ẹ̀dà tí kò ní swastika, ìyẹn àmì ẹgbẹ́ Nazi, ọjà tí kò purọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àkọ́rà yín ni, mo máa ní kí ẹ gba Àgbélébùú Irin onípò kejì ti ọdún 1914, ti Ogun Àgbáyé Kìíní. Nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún ni wọ́n fún àwọn ọmọ ogun, kò wọ́n, èrè tí ayédèrú ń rí níbẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí swastika lára rẹ̀. Mo ní mẹ́ta, kò sí èyí tó já mi kulẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́, ẹ ní kí ọlọ́jà tú u kúrò lára aṣọ kó yí i padà. Èmi ò bèèrè.