Ọta .22 LR àbí .22 Magnum: èwo ni kí ọdẹ fowó rà?

Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ló ṣíwájú. Ẹni tí kò bá ní in, kó má tilẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ta ọta. Ẹjọ́ ló fẹ́ fowó ara rẹ̀ rà.

Àwọn ọdẹ tó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí oko Ọ̀dẹ̀dá mọ ṣakabùlà àti ẹlẹ́nu méjì dunjú. Ti .22 (bí ọta rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, ní íǹṣì) yàtọ̀. Ẹyọ ọta kan ni, kì í fọ́n ká, bí ojú rẹ bá ti yẹ̀, ẹran lọ nìyẹn. Etí ìdí kátíríìjì, ìyẹn páńda tó kó ètù sínú tí ọta wà lẹ́nu rẹ̀, ni ohun tó ń ṣáná sí ètù wà, ibẹ̀ sì ni irin ìbọn ń gbá. Tó o bá ti yìn ín, sọ páńda rẹ̀ nù, kò ṣeé tún kì.

LR, ìyẹn Long Rifle, ni ẹ̀gbọ́n: 1887 ni ilé iṣẹ́ Stevens ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Ọdún 1959 ni Winchester ṣe Magnum. Ọta gíréènì 40, bíi gíráàmù 2.6, ló wọ́pọ̀ lára méjèèjì, àmọ́ eré wọn kò dọ́gba rárá. LR tó yára ń jáde lẹ́nu ìbọn ní bíi 380 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Magnum ń sá tó 570. Agbára Magnum wá ju ìlọ́po méjì ti LR lọ.

Ṣé gbogbo agbára yẹn wúlò? Nínú oko ẹ̀gẹ́, ta ló ń rí ọ̀yà ní 100 mítà? Láàárín 50 mítà, LR tó fún ọ̀yà, òkété àti àparò. Magnum a máa ba ẹran kékeré jẹ́. Ọdẹ tó bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ nínú ẹran rẹ̀, áḿbọ̀sì kí ọta jẹ ẹ́ kó tó délé! Ibi gbalasa nìkan ni mo ti gbà fún Magnum. Bó o bá tún ojú ìbọn LR ṣe kó máa ba ibi tó o wò ní 50 mítà, ọta rẹ̀ a ti wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 kó tó dé 100: orí lo wò, ilẹ̀ lo bà. Ti àgbọ̀nrín, má fi ìkankan nínú wọn dán an wò.

Òjé tí wọ́n fi ìda pa lára ló wọ́pọ̀ lórí LR, nítorí náà iyanrìn a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo da tèmi sápò lásán nígbà ọyẹ́ kan, ìbọn há mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú òkété. Inú páálí rẹ̀ ni kó máa gbé. Bàbà ni wọ́n sábà fi ń bo ọta Magnum.

Má pààrọ̀ wọn o. Magnum kò ní wọ ìbọn LR. LR a wọ ìbọn Magnum, àmọ́ á máa mì lójú ihò, páńda rẹ̀ sì lè fàya.

Owó LR kéré sí ti Magnum, òun náà ni màá rà. Ṣùgbọ́n má kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ra páálí kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó o yìn wọ́n sí pákó, torí ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tí ara rẹ̀ gbà.