Àtúnṣe PDP-11/23 ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ rẹdíò kan ní Tàkìé

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tàkìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń tún rẹdíò àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ṣe, ni mo gbé kọ̀ǹpútà PDP-11/23 mi lọ. Digital Equipment Corporation ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 1979, ọ̀kan lára ìdílé PDP-11 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ni. Mínì-kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, nítorí pé ó kéré sí àwọn tó máa ń gba odindi yàrá, ṣùgbọ́n èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ gbé e wọ ọkọ̀.

Mo ní kí ọ̀gá náà kọ́kọ́ fi iná sí i, ká lè mọ̀ bóyá ó ṣì ní ẹ̀mí. Ó kọ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì, ẹ jẹ́ ká tú u wò ná. Tí iná bá wọ inú ẹ̀ báyìí, èyí tí kò bàjẹ́ lè bàjẹ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni mo kó ẹrù mi lé.

Páwà páàkì, ẹ̀yà tó ń sọ iná ilé di ìwọ̀n iná kékeré tí kọ̀ǹpútà ń lò, ni ìṣòro wà. Kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, ni ogbó máa ń kọ́kọ́ mú nínú irú ẹ̀rọ báyìí: àwọn tó dà bí agolo kékeré ní omi kẹ́míkà nínú, omi náà á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, tàbí kó jò sórí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tí wọ́n jó àwọn ẹ̀yà iná mọ́, kó sì máa jẹ bàbà ojú rẹ̀. Òmíràn wà létí ibi tí iná ti ń wọlé, oníbébà ni, ara rẹ̀ mọ́ gaara bí oyin. Ọ̀gá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì rí i pé ó ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ojú sísán yẹn ni ọ̀rinrin ń gbà wọ inú bébà rẹ̀. Ká ní a tan án ni, ó lè rú èéfín tàbí kó bẹ́.

Lẹ́yìn tó pààrọ̀ wọn, kò tíì dá àwọn pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà náà padà sínú rẹ̀. Ó fi gílóòbù 100 wáàtì sáàárín iná àti páwà páàkì, nítorí pé bí wáyà bá ṣì kan ara wọn nínú, gílóòbù ni yóò tàn yòò, iná kò sì ní ráyè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ó tàn fìrí, ó sì rọlẹ̀. Nígbà náà ló so gílóòbù iwájú ọkọ̀ mọ́ ẹnu 5 fólítì àti ẹnu 12 fólítì, kí páwà páàkì lè rí ẹrù gbé, ó sì ń fi mítà wọ̀n ọ́n títí tí ẹnu kìíní fi dúró sí 5.02. Ibi tó yẹ ká yìn ín jù nìyí, nítorí pé láàárín 4.75 sí 5.25 fólítì ni àwọn ṣípù TTL, irú ṣípù tó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, tó wà nínú rẹ̀ ń fẹ́. Bó bá kọjá 7, wọ́n lè kú lójú ẹsẹ̀.

Kò ṣàì ní àléébù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dá fún mi, ó di oṣù méjì. Kàpásítọ̀ tó kọ́kọ́ fi sí i sì jẹ́ èyí tó lè fara da ooru dé 85°C, bẹ́ẹ̀ ooru inú páwà páàkì pọ̀, ti 105°C ló tọ́. Nígbà tí mo sọ fún un, kò bá mi jiyàn. Ó tú u, ó pààrọ̀ rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lé ₦60,000 tí a ti ṣàdéhùn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, ó so ó mọ́ tẹ́mínà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà tí a sì ń ka èsì rẹ̀, ó tan án, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hó, àmì @ sì yọ, èyí tí kọ̀ǹpútà yìí fi ń sọ pé òun ń retí àṣẹ. Ó ku ẹ̀rọ dísíìkì RL02 tí kọ̀ǹpútà ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, tó ń gba mẹ́gábáìtì 10. Ó ní eruku inú rẹ̀ ni òun yóò kọ́kọ́ nù tán, nítorí pé orí tó ń ka dísíìkì kì í fara kàn án bó bá ń yí, eruku bíńtín sì lè mú kó họ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.