ORS àti zinc tí mo rà lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́

Bí ẹ bá ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́, nítorí kí ìgbẹ́ gbuuru lè dá lọ́gán, ẹ ó kàn bínú sí i lásán ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ mi pé, "A fún un ní ORS, kò ṣiṣẹ́," wọ́n á sì da ìyókù nù lẹ́yìn ife kan. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí gan-an, torí ohun tó dáa ni wọ́n ń dà nù.

Páálí kékeré ni. Sáṣẹ́ẹ̀tì ORS méjì àti káàdì zinc oníhóró mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Kẹ́míìsì kan lẹ́bàá Ọjà Ọba ni mo ti rà á, nígbà tí ọmọ àbúrò mi ń yàgbẹ́ tó sì ń bì. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ mọṣẹ́. Kó tó gba owó lọ́wọ́ mi ló ti bi mí pé, "Mà, ọmọ oṣù mélòó ni? Ṣé ó ṣì ń mu ọyàn?" Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 10 ni zinc tirẹ̀ lójúmọ́, èyí tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, 20 ni, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ó tún kìlọ̀ pé bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ dá, kí a má ṣe dá zinc dúró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa ta oògùn fún wa.

Nígbà tó yá, àbúrò mi pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì ń yàgbẹ́ o. Ṣé kí n ra oògùn tó ń dá a dúró?" Mo ní rárá, irú oògùn yẹn kì í ṣe ti ọmọdé. Mo bi í bóyá ọmọ ń tọ̀, bóyá omijé ń jáde lójú rẹ̀ bó bá ń sunkún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "ORS ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lára awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun wa, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ CFTR. Ọ̀nà tí chloride ń gbà jáde ni. (Chloride àti sodium ló para pọ̀ di iyọ̀ tí a ń jẹ.) Ọ̀nà náà kì í ṣàdédé ṣí. Bí kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní cAMP bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, á jí ẹ́ńsáìmù kan dìde, ẹ́ńsáìmù yẹn á lẹ fọ́sífétì mọ́ apá kan lára CFTR tó ti dínà tẹ́lẹ̀, apá náà á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, kò tíì tó. ATP méjì (ATP ni kẹ́míkà tó ń fún sẹ́ẹ̀lì lágbára) ṣì gbọ́dọ̀ wọ àárín apá méjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí àwọn yẹn wá lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí wọ́n ti ń pàdé nísàlẹ̀ ni ọ̀nà ń ṣí lókè, tí chloride ń jáde. Bí ọ̀kan nínú ATP náà bá fọ́, wọ́n á tú ká, ọ̀nà á padé. Bó ti wù kí n kọ́ ọ tó, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Májèlé onígbáméjì ló ń ba ètò yìí jẹ́. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń há ohun tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pèsè cAMP mọ́ ipò iṣẹ́ kí ó má lè dáwọ́ dúró mọ́, cAMP á wá máa pọ̀ ṣáá, CFTR á sì máa ṣí lemọ́lemọ́. Chloride ń dà sínú ìfun, sodium ń tẹ̀lé e, omi ń tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Ohun tó ń jáde á dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Àgbàlagbà tí ó bá mú gidi lè pàdánù tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Oríṣi bakitéríà E. coli kan náà ní májèlé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

ORS kì í fọwọ́ kan CFTR rárá. Ọ̀nà mìíràn ló ń bá wọlé, SGLT1, purotéènì tó máa ń gbé sodium méjì àti glucose kan wọ inú sẹ́ẹ̀lì pọ̀, tí omi á sì tẹ̀lé wọn. Májèlé kò ti èyí pa. Torí náà ni ṣúgà fi wà nínú ORS, kì í ṣe torí adùn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Crane ló gbé èrò sodium àti glucose náà kalẹ̀ ní Prague ní 1960. Ní 1971, nígbà tí dírípù ń tán nílé ìwòsàn, dókítà Dilip Mahalanabis po ORS fún àwọn tó sá ogun Bangladesh wá sí Bangaon ní Íńdíà, ẹ̀mí púpọ̀ sì là. Ìgbẹ́ lè máa jáde lọ́wọ́ kan kí omi sì máa wọlé lọ́wọ́ kejì. Omi tó wọlé yẹn ni kí ẹ máa wò.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi ọjà yìí lò jù ni pípò. Gíráàmù 20.5 ló wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tèmi, lítà kan ni wọ́n sì kọ sí i lára. Píọ̀wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára ni lítà kan. Mo ti rí ìyá tó da odindi sáṣẹ́ẹ̀tì sínú píọ̀wọ́tà kan ṣoṣo. Bí iyọ̀ àti ṣúgà ṣe gbọ́dọ̀ ki tó nínú omi, mílíọ́símọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; iye tí WHO àti UNICEF fọwọ́ sí ní 2002 jẹ́ 245 mílíọ́símọ́ọ̀lù sí lítà kan. 311 ni ti àtijọ́, wọ́n dín in kù torí pé èyí tó fúyẹ́ ń dín ìgbẹ́ àti èébì kù. Èyí tí a pò sínú ìdajì omi ti di 490. Omi ara ọmọ gan-an ni yóò máa fà wá sínú ìfun. Bí wákàtí 24 bá sì ti kọjá lórí èyí tí a pò, ẹ dà á nù.

Zinc ń ta lẹ́nu bí irin, ọmọ náà kọ́kọ́ tu ú. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ po hóró náà mọ́ omi ọyàn nínú ṣíbí ló tó gbé e mì. Bí ọmọ bá dákú lọ, tí ojú rẹ̀ jìn wọlé, tí kò lè mu nǹkan mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe páálí yìí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé fìtílà fóònù ni mo fi kà á, wọn kò sì fi ife ìwọ̀n kankan sí i. Àwọn tó ń ṣe é yẹ kó tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá pé píọ̀wọ́tà méjì ni, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí.